Àárẹ̀ Ọkàn Lára Ọkùnrin: Ìwòsàn Kì Í Ṣe Àìnígbàgbọ́

  

Orí ọ̀rọ̀ tí ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ lọ́dún yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ lórí mínbárì. A ti wáásí lórí ìrun, a ti wáásí lórí sàká àti ogún pípín, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò rí oorun sùn fún oṣù mẹ́ta, tí oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀, tí ó ń bọ̀ ní mọ́sálásí lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ilé ayé ti sú u, ta ni ó ti wáásí fún ìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Bí Yorùbá bá ti gbọ́ pé nǹkan ṣe ọpọlọ ẹnì kan, ẹni tí ó wọ àkísà tí ó ń sọ̀rọ̀ dá nìkan lọ́jà ni ó máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀, àìsàn inú ọkàn pọ̀ ju ìyẹn lọ. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà, tí kì í ṣe ìbànújẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì: ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ohun tí ó ń dùn mọ́ ènìyàn tẹ́lẹ̀ kò ní dùn mọ́ ọn mọ́, tí ara yóò wúwo bí òkúta, tí yóò máa rò pé òun kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àníyàn tí kò lópin wà, tí àyà yóò máa já láìrí ẹni tí ó lé ènìyàn. Wàsíwásì wà, tí n óò padà sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tí èyíkéyìí nínú wọn ń ṣe lè máa wọ agbádá, kí ó máa lọ sí ọ́fíìsì, kí ó máa dá sí ìpàdé mọ̀lẹ́bí. Kì í ṣe wèrè. Aláìsàn ni, bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe ti jẹ́ aláìsàn.

Àwa ọkùnrin kì í sì í sọ ọ́ tààrà. A kò ní sọ pé inú wa bàjẹ́. Orí ni a óò sọ pé ó ń gbóná, tàbí pé nǹkan ń rìn kiri nínú orí bí èèrà, pé ojú ń ṣú, pé àyà ń lù kì-kì-kì. Ọ̀dẹ̀ orí ni àwọn bàbá wa ń pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Makanjuola, dókítà ọpọlọ ní Ilé-Ifẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde ní 1987 lórí àwọn Yorùbá tí wọ́n ní ọ̀dẹ̀ orí ń ṣe. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń ṣe wọ́n. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnu wa ń sọ orí, ọkàn ni ó ń ké. Lára ọkùnrin mìíràn, kò tilẹ̀ ní jẹ́ orí. Ìbínú ni yóò jẹ́: yóò máa jágbe mọ́ ìyàwó, yóò máa na ọmọ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Òmíràn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọtí ní kọ̀rọ̀, tàbí kí ó máa gbé tramadol mì pé iṣẹ́ ni ó ń rẹ òun. Ìjọba fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oní-codeine àti kíkó o wọ̀lú ní 2018, ṣùgbọ́n òfin kò lè wo ohun tí ó ń lé ènìyàn lọ sídìí ìgò.

Èé ṣe tí ọkùnrin fi ń dákẹ́? Nítorí pé láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún un pé ọkùnrin kì í sunkún. Ó ti gbà pé òun ni òpó ilé, bí òpó bá sì sọ pé ó ń rẹ òun, ilé ni yóò wó. Ó ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá rí òun ní ilé ìwòsàn ọpọlọ, orúkọ ìdílé ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò ní fẹ́ ọmọ òun mọ́. Bí obìnrin bá ní ìdààmú, ó ní ẹgbẹ́ asàlátù, ó ní ìyá, ó ní ọ̀rẹ́ tí ó lè bá sunkún. Ọkùnrin ní ọ̀rẹ́ púpọ̀ tí ó lè bá sọ̀rọ̀ òṣèlú àti bọ́ọ̀lù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, ṣùgbọ́n nínú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 720,000 tí ń fi ọwọ́ ara wọn pa ara wọn lọ́dọọdún ní gbogbo àgbáyé, ọkùnrin ju ìlọ́po méjì obìnrin lọ bí a bá fi iye àwọn méjèèjì wéra. Ẹ gbé ìyẹn yẹ̀wò. Ẹni tí ó ń sọ tirẹ̀ ń rí ìrànlọ́wọ́. Ẹni tí ó gbé tirẹ̀ mì ni ó ń kú.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ààfáà, ẹni tí ó bá ní ìgbàgbọ́, ṣé ó yẹ kí ó rẹ̀wẹ̀sì ni?" Ọ̀rọ̀ yìí ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu mọ́, nítorí náà mo fẹ́ kí á tú u palẹ̀ dáadáa. Ànábì Yàkúbù (A.S.) sunkún Yúsúfù títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi funfun, Àlùkùránì ni ó sọ ọ́ fún wa nínú súrà Yúsúfù. Ta ni yóò sọ pé ìgbàgbọ́ Yàkúbù kéré? Maryam, ní ọjọ́ ìrọbí, wí pé òun ì bá ti kú kí ọjọ́ náà tó dé. Ànábì wa Muhammad (S.A.W.) pàdánù Khadijah àti Abu Talib nínú ọdún kan ṣoṣo, ní nǹkan bí 619, àwọn onímọ̀ ìtàn sì pe ọdún náà ní Ọdún Ìbànújẹ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ Ibrahim kú, omijé ń dà lójú rẹ̀ níwájú àwọn sàhábà, ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò lọ fara pamọ́ sínú yàrá kí ó tó sunkún. Anas sì sọ fún wa pé ó máa ń wá ìṣọ́ Ọlọ́run nígbà gbogbo kúrò lọ́wọ́ ìdààmú àti ìbànújẹ́, nínú àdúà kan náà tí ó ti ń wá ìṣọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹrù gbèsè. Ẹ̀yin tí owó ilé-ìwé ọmọ wà lọ́rùn yín, ẹ̀yin tí owó ìfẹ̀yìntì kò tètè tẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ti rí i pé Ànábì mọ bí nǹkan méjèèjì ṣe ń rìn pọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti Sa'd ọmọ Abi Waqqas. Jagunjagun ni, òun ni ó kọ́kọ́ ta ọfà ní ojú ọ̀nà Ọlọ́run. Àìsàn dá a dúbúlẹ̀, Ànábì (S.A.W.) sì bẹ̀ ẹ́ wò. Hádíìsì náà wà nínú ìwé Abu Dawud. Ó gbé ọwọ́ lé e láyà, ó sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ni ó ń ṣàìsàn, ó sì ní kí ó lọ bá Harith ọmọ Kalada, ará Thaqif, nítorí pé oníṣègùn ni. Ó tún júwe dàbínù Ajwa méje ti Madina fún un. N kò ní fi agbára túmọ̀ rẹ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ni ó ṣe Sa'd. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó sọ pé àyà ni ó ń dùn ún, àwọn mìíràn sì ti sọ̀rọ̀ lórí okùn àwọn tí ó gba hádíìsì náà wá. Ohun tí mo fẹ́ kí á rí ni èyí: Ọwọ́ tí ó wà láyà Sa'd, ọwọ́ Ànábì ni. Àdúà wo ni ó tún ju ti ẹni yẹn lọ? Síbẹ̀ ó ní kí ó lọ bá oníṣègùn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì sọ pé Harith kò tíì gba Islam nígbà náà. Nítorí náà, ẹni tí ó ń sọ pé òun kò lè lọ bá dókítà nítorí pé Kìrìsìtẹ́nì ni, kí ó padà lọ ka ìwé rẹ̀.

Ìyá wa Aisha náà, bí ẹnì kan bá kú nínú ẹbí rẹ̀, yóò ní kí wọ́n se talbina, ẹ̀kọ́ ìyẹ̀fun ọkà báálì, nítorí ó gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé ó máa ń tu ọkàn aláìsàn lára, ó sì máa ń gbé díẹ̀ nínú ìbànújẹ́ lọ. Oúnjẹ fún ìbànújẹ́ ọkàn! Wọn kò sọ fún ọlọ́fọ̀ pé kí ó lọ ní sùúrù kí wọ́n sì padà sílé. Wọ́n gbé ìkòkò kaná.

Nínú àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀ lé wọn, Imam al-Ghazali kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé al-Munqidh min al-Dalal. Ó ń kọ́ni ní Nizamiyya ní Baghdad, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lókìkí jù lọ nígbà náà. Ní oṣù Rajab ọdún 488 Hijira, èyí tí í ṣe 1095, ahọ́n rẹ̀ gbẹ. Ó fẹ́ kọ́ni, ọ̀rọ̀ kò jáde. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́, agbára rẹ̀ sì ń dín kù. Wọ́n pe àwọn dókítà, àwọn dókítà sì sọ pé inú ọkàn ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó bọ́ sára, pé bí ọkàn kò bá sinmi, oògùn kò ní ràn án. Ó fi iṣẹ́ ńlá náà sílẹ̀, ó sì kúrò ní Baghdad. Mo bẹ̀ yín, ẹ wo ohun méjì. Àkọ́kọ́, Hujjatul-Islam ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Èkejì, kò fi pamọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ kí àwa lè kà á.

Ṣáájú rẹ̀, Abu Zayd al-Balkhi, ará Balkh ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Afghanistan lónìí, tí ó kú ní 934, ti kọ ìwé kan tí ó pè ní Masalih al-Abdan wal-Anfus, ìyẹn àǹfààní ara àti ti ọkàn. Apá kan sọ̀rọ̀ nípa ìlera ara, apá kejì nípa ìlera ọkàn, nítorí ó ní ọkàn ń ṣàìsàn bí ara ti ń ṣàìsàn. Ìbínú, ẹ̀rù, ìbànújẹ́ àti wàsíwásì ni ó tò. Ó pín ìbànújẹ́ sí méjì: èyí tí ènìyàn mọ ìdí rẹ̀, bíi kí ènìyàn pàdánù ẹni tí ó fẹ́ràn, àti èyí tí kò ní ìdí kan tí a mọ̀, tí ó wá láti inú ara. Ó ní ọ̀rọ̀ ìtùnú àti èrò rere ni a fi ń wo ti àkọ́kọ́, ti èkejì sì gba kí á tọ́jú ara pẹ̀lú. Ó tún ní bí ènìyàn ti ń tọ́jú oògùn pamọ́ sílé de ọjọ́ àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kí ó tọ́jú èrò rere pamọ́ de ọjọ́ ìdààmú. Ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé ni èyí o. Dókítà tí ó ń lo ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ̀lú oògùn lónìí kò mú àṣà àjèjì wọ inú Islam.

Wàsíwásì tí al-Balkhi mẹ́nu bà yẹn, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń jìyà rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan yóò ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìrun yóò ti parí kí ó tó kúrò nídìí bùtà. Yóò kábárà, yóò tú u, yóò tún kábárà. Àwọn ará ìjọ yóò máa rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run rẹ̀ ni ó pọ̀. Ìmọ̀ fíkí ti dá a lóhùn: iyèméjì kì í ba ohun tí ó dájú jẹ́, bí o bá sì ti parí iṣẹ́, má wẹ̀yìn mọ́. Ẹni tí ó gbọ́ èyí tí kò sì lè ṣíwọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń bó nítorí omi, tí ó sì ń sunkún nítorí ìrun, kì í ṣe ìmọ̀ ni ó kù fún un. Àìsàn ni, dókítà mọ̀ ọ́n, ìtọ́jú rẹ̀ sì wà. Kí ààfáà má ṣe fi fatwa kún fatwa fún un.

Ti àlùjọ̀nnú ńkọ́? A gbà pé ó wà, Àlùkùránì sọ ọ́. Rukyah náà jẹ́ súnà, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò sùn ni àlùjọ̀nnú gùn. Bí aláìsàn bá wá, ẹ ka Àlùkùránì fún un, kí ẹ sì ní kí ó lọ bá dókítà. Èkíní kò lé èkejì jáde. Èyí tí kò sí nínú súnà rárá ni kí á so ènìyàn mọ́lẹ̀, kí á máa nà án, kí á fi ebi pa á pé a ń lé àlùjọ̀nnú. Ní 2019, àwọn ọlọ́pàá tú àwọn ènìyàn tí ó lé ní igba sílẹ̀ ní ibì kan tí wọ́n tì wọ́n mọ́ ní Ìbàdàn, nínú ọgbà mọ́sálásí. Ojú tì wá. Nígbà tí Sultan Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn Mansuri ní Cairo ní 1284, ibùsùn àwọn aláìsàn ọpọlọ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn aláìsàn tó kù.

Nílẹ̀ wa níbí, àwọn òyìnbó ṣí ilé ìtọ́jú Yábàá ní 1907, ṣùgbọ́n bí ilé àhámọ́ ni ó rí nígbà náà ju ilé ìwòsàn lọ. Ọmọ Ẹ̀gbá kan, Thomas Adeoye Lambo, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ni ó yí ojú ọ̀ràn padà ní Àrọ̀, Abẹ́òkúta, láti 1954. Kò ti aláìsàn mọ́lé. Ó ní kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó wọn bá wọn gbé ibẹ̀, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú kí wọ́n sì padà sílé. Gbogbo àgbáyé gbọ́ nípa rẹ̀, Lambo sì di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Ó dùn mí pé orúkọ Àrọ̀ ti di ọ̀rọ̀ èébú lẹ́nu wa, nígbà tí ó yẹ kí á máa fi yangàn. Ní oṣù kìíní 2023, Ààrẹ orílẹ̀-èdè buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ó rọ́pò òfin wèrè àtijọ́ ti 1958, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 1916. Òfin tuntun náà fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́.

Kí ni wọn yóò ṣe fún ẹni tí ó bá lọ? Ẹ̀rù ohun tí a kò mọ̀ ni ó ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ jẹ́: oorun ńkọ́, oúnjẹ ńkọ́, ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni ní irú rẹ̀ rí nínú ẹbí, ṣé o ti rò ó rí láti pa ara rẹ. Wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀, nítorí àwọn àìsàn ara kan wà tí ń fara hàn bí ìrẹ̀wẹ̀sì. Ọ̀pọ̀ ni kò ní sùn síbẹ̀ rárá, ilé ni yóò padà sí lọ́jọ́ náà. Fún ẹlòmíràn, ìjókòó sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀. Fún ẹlòmíràn, oògùn ni, tàbí méjèèjì pọ̀. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ bíi Panadol. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń já a jù nù pé kò ṣiṣẹ́. Bí ara bá sì yá, kí ènìyàn má dá a dúró fúnra rẹ̀, dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ní ti ààwẹ̀ Ramadan, ẹ sọ fún dókítà kí oṣù tó wọlé: oògùn tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ṣeé gbé lọ sí àsìkò sààrì tàbí ìṣínu. Bí dókítà tí ó mọṣẹ́ bá ní ààwẹ̀ yóò pa aláìsàn lára, aláìsàn ni, Àlùkùránì sì ti yọ̀ǹda fún aláìsàn.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwa ààfáà: amáánà ni ohun tí ọkùnrin bá sọ fún wa ní kọ̀rọ̀. Mo ti jókòó níbi ìsọmọlórúkọ tí mo gbọ́ tí wọ́n ń fi àṣírí ẹlòmíràn ṣe àpẹẹrẹ nínú wáásí. Wọn kò dárúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò mọ ẹni tí í ṣe. Ta ni yóò tún bá irú ààfáà bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀?

Fún ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti àbúrò, bí ẹ bá rí i pé ẹ̀gbọ́n yín ti yí padà, ẹ má sọ fún un pé kí ó ṣe bí ọkùnrin. Ẹ pè é sẹ́yìn lẹ́yìn ìrun, ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí i pé ẹ ò rí bí ẹ ṣe máa ń rí. Kí ló ń ṣe yín?" Lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́. Bí ó bá ń pín ẹrù rẹ̀ fún ènìyàn láìnídìí, tí ó ń sọ pé ẹ óò ṣàfẹ́rí òun, tí ó ń tọrọ àforíjì bí ẹni tí ó ń lọ ìrìn àjò, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yìí kì í kọ́ ènìyàn ní ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀. Ó máa ń tú u sílẹ̀ ni. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó oògùn kòkòrò àti okùn kúrò nítòsí, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Háráámù ni kí ènìyàn pa ara rẹ̀, a kò yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń ti ibẹ̀ bọ́ sínú àṣìṣe, wọn yóò kọ̀ láti kírun sí ẹni náà lára, wọn yóò lé ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sá. Ànábì (S.A.W.) kò kírun sí irú òkú bẹ́ẹ̀ kan lára, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ pé ìkìlọ̀ ni, pé àwọn mùsùlùmí tó kù yóò kírun sí i. Mùsùlùmí ni, a óò wẹ̀ ẹ́, a óò wọ̀ ọ́ láṣọ, a óò sin ín, a óò sì tọrọ àforíjì fún un. A gbé kálámù kúrò lórí ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti lọ, kò sì sí ẹni nínú wa tí ó mọ bí làákàyè ẹni náà ti rí ní wákàtí ìkẹyìn rẹ̀.

Ibo ni kí á lọ? Dókítà tí ẹ ti mọ̀ ní jẹ́nẹ́rà tí ó wà nítòsí yín lè bẹ̀rẹ̀, yóò sì kọ ìwé fún yín bí ó bá ju agbára rẹ̀ lọ. Yábàá wà, Àrọ̀ wà, àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìlọrin àti Èkó ní ẹ̀ka tiwọn. Ẹ jí lọ ní òwúrọ̀, nítorí èrò máa ń pọ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn àti àgbo tí ẹ ń lò sórí ìwé, títí kan hàǹtú, ẹ má fi ọ̀kan pamọ́ fún dókítà. Bí ó bá ṣòro láti dá lọ, ẹ mú ẹnì kan dání, ìyàwó, àbúrò, tàbí Lèmọ́mù yín. Èmi máa ń bá àwọn ará ìjọ mi lọ bí wọ́n bá ní kí n bá àwọn lọ, a sì máa ń jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì títí wọn yóò fi pe nọ́ńbà wa.